Irin Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀ Gídíónì

Ìwé tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú Ìyá Àgbà dára lójú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó ń dán, wọ́n fi fọ́tò wọn síwájú, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé onírẹ̀lẹ̀ ni wọ́n, oníwà pẹ̀lẹ́, ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kà á dé ìdí. Mo tún yí i padà wò, bóyá òkú ẹlòmíì ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ìyá tí èmi mọ̀ máa ń jà. Wọ́n bá wolé-wolé jà, wọ́n bá àwọn ọmọ bàbá wọn jà, wọ́n bá èmi tí mò ń kọ èyí jà débi pé a ò kí ara wa fún ọdún méjì. Gbogbo ìjà yẹn, orí ilẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kò dárúkọ ilẹ̀ náà rárá. Ìdí nìyẹn tí èmi, ọmọ ọmọ wọn, tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ilé-ìwé mi sì parí sí kíláàsì kẹrin nítorí pé èmi àti tíṣà kò gbọ́ra wa yé, fi gbé bírò. Ó ti rẹ̀ mí o. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, ìwé tó ń dán yẹn ló máa kù nílẹ̀.

Ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ pàápàá, ẹ má gbà á gbọ́. Mo fojú ara mi rí ọjọ́ kan tí Ìyá fi ọdún márùn-ún kún ọjọ́ orí wọn láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, nítorí pé àwọn kan kò tètè dìde fún wọn nínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilẹ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa níbí ní Ìwó, láàárín ògiri wa àti ojú títì. Bàbá Gídíónì ló ni ín, àbúrò Ìyá Àgbà, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan. Wọ́n rà á nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Kí búlọ́ọ̀kù kan tó débẹ̀, wọ́n ṣí lọ sí Àbíjàn lọ ta aṣọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, èmi kò tíì tó ọmọ tó lè fọn imú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ti sọ ọ́ fún mi títí tí mo fi lè búra pé mo wà níbẹ̀. Bàbá Gídíónì dúró sórí ilẹ̀ náà, àpótí ẹrù lórí, wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí irin kan ilẹ̀ yìí títí n ó fi dé.”

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ilé wa lè má mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nínú ẹbí wa, ọkọ́ ni ìwé ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé iwájú àwọn àgbà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: ta ló ń ro ó? Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ tàbí àdá tún ilẹ̀ kan ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹnikẹ́ni kò dí i lọ́wọ́, ó di tirẹ̀. Bàbá Gídíónì ti rí i tí wọ́n fi ọkọ́ gba oko ẹni tó lọ sí ìdálẹ̀ báyìí. Nítorí náà wọn kò sọ pé kí ẹ̀gbọ́n wọn má jẹ́ kí wọ́n gbà á. Irin ni wọ́n pè. Ìyá Àgbà sì gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu: irin ẹnikẹ́ni, títí kan irin tiwọn.

Koríko kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àdéhùn. Ó hù.

Kánsù náà ní òfin tiwọn. Koríko kò gbọdọ̀ ga ju orúnkún lọ lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni láàárín ìlú, nítorí ejò, nítorí ẹ̀fọn, nítorí àwọn tó ń da ìdọ̀tí sínú igbó. Onílẹ̀ tí kò bá gé e, wolé-wolé á mú ìwé wá fún un. Ìwé àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ ni. Ìkejì, kọ́ọ̀tù. Bí ìkẹta bá dé tí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ igbó, wọ́n á kà á sí ilẹ̀ tí kò ní ẹni, kánsù á sì fi ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Ẹ wá wò ó. Bí Ìyá bá fi àdá gé e, àwọn fúnra wọn ti gba ilẹ̀ àbúrò wọn. Bí wọn ò bá gé e, kánsù á gbà á. Àárín méjèèjì yìí ni wọ́n gbé títí wọ́n fi darúgbó.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tu ú. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí ilẹ̀ rọ̀, Ìyá á gbé àpótí ìjókòó wọn sí etí ilẹ̀ náà, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di koríko mú nídìí, wọ́n á mì í díẹ̀ bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun, wọ́n á sì fà á. Gbòǹgbò á jáde tòun ti erùpẹ̀. Wọ́n á gbọn erùpẹ̀ náà padà sílẹ̀, torí pé ti Gídíónì ni. Wọ́n á sún àpótí síwájú. Koríko eéran rọrùn láti tu. Imí eṣú rọrùn. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀tá wọn. Ẹ̀ẹ̀kan a máa gé èèyàn lọ́wọ́, gbòǹgbò rẹ̀ a sì máa rìn lábẹ́ ilẹ̀ bí olè. Mo ti rí ọjọ́ tí Ìyá ń fa ẹ̀ẹ̀kan kan ṣoṣo láti àárọ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń gùn bọ̀, tó ń gùn bọ̀, títí tí àwọn ará Olúpọ̀nnà ní ìlú kejì fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ rọra, ilé àwọn ti ń mì.

Kí wọ́n tó tu dé òpin, ìbẹ̀rẹ̀ ti hù. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́dọọdún, láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ títí di ọyẹ́. Ọwọ́ wọn le bí awọ bàtà. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bá wọn kó èyí tí wọ́n tu dà nù, mo ní, “Ìyá, kì í rẹ̀ yín ni?”

“Ó ń rẹ̀ mí,” ni Ìyá wí. “Koríko ni kì í rẹ̀.”

Wolé-wolé tó pẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Rájí. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, aṣọ kákí rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Nígbà tí mo ń sọ yìí, irun rẹ̀ ti funfun. Ìyá ló sọ ọ́ ní Wolé-má-jókòó, nítorí pé gbogbo ìgbà tó bá wá ni wọ́n ń ní kó jókòó, gbogbo ìgbà ló sì ń kọ̀. Ó ní bí òun bá ti jókòó sí ilé ẹnikẹ́ni, wọ́n á bu omi fún òun, wọ́n á gbé oúnjẹ wá, òfin á sì ṣe bẹ́ẹ̀ sùn lọ.

“Ẹ kú ilé, Ìyá.”

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó.”

“Ẹ ṣeun, mà. Iṣẹ́ ló gbé mi wá. Koríko ilẹ̀ yín ti ga.”

“Ilẹ̀ ta?”

“Ilẹ̀ yín, Ìyá.”

“Ilẹ̀ tèmi nìyí tí mo jókòó sí. Ṣé koríko ti hù lórí àpótí mi ni?”

“Ìyá, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín.”

“Ti Gídíónì nìyẹn.”

“Gídíónì ọ̀hún dà?”

“Ó wà ní Àbíjàn.”

“Ìyá, ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn.”

“Lọ́dún tó kọjá náà, ibẹ̀ ló wà.”

Rájí á gbé ìwé jáde. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà tí onílẹ̀ máa tẹ àtàǹpàkò sí. Bí Ìyá bá ti rí àwo yíǹkì, wọ́n á ká àtàǹpàkò mọ́nú ìkúùkù, wọ́n á sì fi ìkúùkù náà sábẹ́ aṣọ. Mo ti rí ọmọ tó ń fi àkàrà pamọ́ bẹ́ẹ̀. Bí Rájí bá bẹ̀ wọ́n pé títẹ̀ ẹ́ kò túmọ̀ sí pé àwọn ló ni ilẹ̀, pé ẹ̀rí pé wọ́n rí ìwé gbà lásán ni, Ìyá á wò ó tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí o bá bá mi ní ilé ẹlẹ́ran, tí o ní kí n fi ọwọ́ tẹ ẹran, ta ni wọ́n máa sọ pé ó rà á?”

Rájí á ká ìwé rẹ̀, á lọ, á tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Èmi náà ti ṣe tèmi nínú ọ̀rọ̀ ìwé yìí. Lọ́dún kan wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ògiri wa, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ, Ìyá sì ní kí n kà á. Mo mọ̀wé díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló kó bá mi. Mo rí ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé mo mọ̀, ó jọ “wídò”, ìyẹn opó, lójú mi, torí pé ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń pín ìrẹsì fún àwọn wídò nígbà Kérésì, orúkọ Ìyá sì máa ń wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé “wíìdì” ni, koríko ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè òyìnbó, pé lẹ́tà tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò pọ̀ tó ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣeré. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, “Ìyá, kánsù ní gbogbo opó tó bá ti ga ju orúnkún lọ, kí wọ́n gé e lulẹ̀ láàárín ọjọ́ méje.”

Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè.

“Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù,” ni wọ́n wí. “Mo ti ń kúrú bọ̀ láti bí ọdún mélòó kan. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún.”

Ọ̀rọ̀ Gídíónì kò mọ sórí ilẹ̀ nìkan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn ọmọ ìjọ lọ́dún ìkórè, tí wọ́n bá dé orí orúkọ bàbá yìí, Ìyá á dáhùn láti àárín àwọn obìnrin pé, “Ó ń bọ̀.” Akọ̀wé ìjọ kan tó jẹ́ tuntun fẹ́ fa igi lé orúkọ náà, ó ní ìwé àwọn ti kún. Ìyá bá a dé ibi tábìlì. Wọ́n ní, “Fi í síbẹ̀. Kò jókòó sórí àga yín.”

Láyé ọjọ́un, àwọn èrò Àbíjàn tó bá ń bọ̀ wálé máa ń mú aṣọ wá fún Ìyá látọ̀dọ̀ Bàbá Gídíónì. Nígbà tó yá, aṣọ dínkù, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ló kù. Nígbà tó tún yá, iṣẹ́ náà kò wá mọ́. Ẹnìkan ní Bàbá Gídíónì ti kú. Òmíràn ní òun rí wọn ní Kùtọnú pẹ̀lú ìyàwó tuntun àti eyín wúrà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ bàbá Ìyá ti pe ìpàdé, wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀. Bàbá Ìṣọ̀lá ni olórí wọn, ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka nǹkan lórí ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Bàbá Ìṣọ̀lá wí, “Gídíónì ti kú.”

“O rí òkú ẹ̀?”

“Mi ò rí i.”

“O mọ ibi tí wọ́n sin ín sí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ọdún ti pọ̀ jù.”

“Ọdún kì í ṣe sàréè,” ni Ìyá wí, wọ́n sì dìde lọ wo ọbẹ̀ tí wọ́n gbé kaná. Ìpàdé parí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá pín ilẹ̀ jẹ ọbẹ̀ náà, wọ́n sì lọ sílé.

Ìjà èmi àti wọn ni mi ò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n bí mo bá fò ó, mo ti dà bí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ táyà lílẹ̀ ni mo ṣe láyé mi. Wọ́n lé wa kúrò létí ọjà nígbà tí wọ́n ń fẹ títì, mi ò níbi tí mo máa gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mi sí, ọmọ mẹ́fà sì wà nílé tí wọ́n ń la ẹnu. Ilẹ̀ Gídíónì wà létí títì gan-an. Mo mú ìyá tó bí mi lọ́mọ, àkọ́bí Ìyá Àgbà, a jọ lọ kúnlẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, páànù mẹ́rin péré. Mi ò ní gbẹ́ ilẹ̀.”

“Òpó tó máa gbé páànù dúró ńkọ́? Ṣé ojú ọ̀run lo máa fi kọ́ ọ ni?”

“Ìyá, ọmọ yín ni mí.”

“Ọmọ ọmọ mi ni ẹ́. Ìyẹn kò sọ ẹ́ di ọmọ Gídíónì.”

Inú bí mi. Mo sọ èyí tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní, “Ẹni tẹ́ ẹ ń ṣọ́ ilẹ̀ fún ti gbàgbé yín.” Ìyá mi fi ìgúnpá gún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Ìyá Àgbà kò bínú. Ó dùn mí pé wọn ò bínú. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Àjàní, bí mo bá fi nǹkan ẹlòmíì ṣe ẹ́ lóore, ta lo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?”

Mo gbé ẹ̀rọ mi lọ sí ọ̀nà Ilé-Ogbó, mi ò sì dé ọ̀dọ̀ wọn fún ọdún méjì. Bí mo bá ń kọjá níwájú ilé, mo máa ń wo òdì kejì. Wọ́n á wúkọ́, èmi náà á wúkọ́, ìkíni wa nìyẹn. Ọjọ́ tí ìjà náà parí, mo jókòó lábẹ́ páànù mi, mo rí ọ̀kadà kan tó ń bọ̀, Ìyá Àgbà ló wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n di ọlọ́kadà mú lẹ́wù bí ọlọ́pàá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn ò kí mi. Wọ́n ní, “Bá mi wo táyà ọkọ̀ yìí.”

Ọlọ́kadà ní, “Ìyá, kò sí ohun tó ṣe táyà mi.”

“Èmi kò bá ẹ sọ̀rọ̀,” ni Ìyá wí. “Èmi àti ọmọ mi là ń sọ̀rọ̀.”

Mo wo táyà náà dáadáa. Mo fún un ní afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń bá wọn tu koríko.

Ọdún kan wà tí ẹsẹ̀ dùn wọ́n, tí èmi náà ṣàìsàn, ilẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Adìẹ kan ṣoṣo wọ inú igbó yẹn lọ, nígbà tó jáde ó kó ọmọ mọ́kànlá sẹ́yìn, àkùkọ méjì nínú wọn sì ti ń kọ. Ọlọ́kadà kan tó fẹ́ gba ibẹ̀ yẹ kòtò, ọjọ́ kejì la tó rí i, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń bá a ná iye tó máa gbà. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi Rájí. Ọdún yẹn ni ìwé kejì dé, tí wọ́n pe Ìyá sí kọ́ọ̀tù.

Obìnrin kékeré kan ló jókòó lórí àga ìdájọ́, onígíláàsì, ó sì fi ọ̀wọ̀ pe Ìyá. “Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀ yìí?”

“Rárá, ọmọ mi.”

“Kí lẹ wá ṣe níbí, nígbà náà?”

“Ẹ pe ẹni tó ni ín. Kò gbọ́. Mo wá jẹ́ ìpè náà fún un, kí ẹ má baà rò pé kò ní èèyàn.”

Adájọ́ béèrè ohun tó dé tí wọn ò pe ẹni tó máa bá wọn fi àdá gé e, Ìyá sì ro ọ̀rọ̀ irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Adájọ́ tẹ́tí. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní òfin sọ pé koríko kò gbọdọ̀ ga, òfin kò sọ pé irin ni wọ́n máa fi gé e. Ó fún wọn lóṣù kan, ó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Inú mi dùn, mo ti ń fà wọ́n lọ́wọ́ jáde, àfi bí Ìyá ṣe dúró nígbà tí a yọ sí ẹ̀yìnkùlé kọ́ọ̀tù. Koríko tó wà níbẹ̀ ti ga dé fèrèsé. Wọ́n tọ́ka sí i fún ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ta ló ni èyí? Ṣé òun náà wà ní Àbíjàn ni?”

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn ló wá kù. Mi ò sọ ọ́ fún àwọn tó kọ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì sọ ọ́ fún Bàbá Ìṣọ̀lá.

Lọ́dún tí a wà yìí, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ìyá ti dùbúlẹ̀. Ojú wọn ti lọ, etí ló kù. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ilẹ̀ Gídíónì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́. Èmi nìkan ni mo ń tu koríko. Ẹ̀yìn mi kò dára mọ́. Mo tu ìlà méjì lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mi ò lè dìde, ó di ìgbà tí aládùúgbò wá fà mí sókè bí iṣu. Àwọn ọmọ mi wà ní Ìbàdàn àti Èkó. Koríko sì ń ga. Ìwé àkọ́kọ́ dé, ìkejì dé, mo lọ kọ́ọ̀tù mo bẹ̀bẹ̀. Ìkẹta ni Rájí mú wá fúnra rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wò mí lójú.

“Bàbá, ìkẹta rèé. Ọ̀la ni àwọn tó máa wá wo ilẹ̀ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá bá igbó níbẹ̀, wọ́n ti gbà á nìyẹn. Wọ́n ní ibẹ̀ dára fún ààtàn.”

Ààtàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Ìyá.

Nígbà tí Rájí lọ, mo jókòó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà mo lọ yá àdá lọ́wọ́ aládùúgbò, torí pé ojú ń tì mí láti mú ti ilé wa. Mo dúró títí tí Ìyá fi sùn lọ́sàn-án. Mo wọ inú ilẹ̀ náà, mo tẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Mo rọra ń ṣe é. Ṣùgbọ́n òkúta wà lábẹ́ koríko, àdá bá a, ó sì dún.

Ohùn Ìyá wá láti ojú fèrèsé. “Ta ló wà lórí ilẹ̀ Gídíónì?”

Irọ́ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni mo pa. “Ewúrẹ́ ni, Ìyá.”

Mo dúró bí òpó.

“Eyín ẹ̀ ń dún bí irin.”

“Ó ti dàgbà ni, Ìyá.”

Ó pẹ́ débi tí mo fi rò pé wọ́n ti sùn padà. Òógùn ń ṣàn wọ ojú mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde, ohùn wọn kéré.

“Jẹ́ kó jẹun,” ni Ìyá wí. “Ó ti rẹ ewúrẹ́ náà. Ó ti rẹ èmi náà.”

Mo gé e títí oòrùn fi yẹ̀. Mi ò sunkún, ẹni tó bá ní mo sunkún, òógùn ló rí. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá ní kí n gbé àwọn lọ síbẹ̀. Wọn kò wúwo ju apẹ̀rẹ̀ òfìfo lọ. Mo gbé àga sáàárín ilẹ̀ náà, mo fi wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí ilẹ̀ tí irin ti kàn.

“Àjàní, báwo ló ṣe rí?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò tíì rí ilẹ̀ náà lófìfo tán lẹ́ẹ̀kan. Ó kéré. Yàrá méjì kò lè wà níbẹ̀ kí wọ́n sì tún rí ibi dáná. Gbogbo ìwé yẹn, gbogbo ìjà yẹn, páànù mẹ́rin tèmi yẹn, orí ohun tí èèyàn lè fò kọjá bó bá sáré bọ̀ ni.

“Ìyá,” ni mo wí, “ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí bàálù lè balẹ̀ síbẹ̀, kó sì rí ibi yí padà.”

Ẹ̀rín pa wọ́n, ẹ̀rín tí kò ní eyín. Wọ́n ní, “Mo mọ bó ṣe mọ. Èmi ni mo bá a wọ̀n ọ́n.”

Àwọn ará kánsù dé, àwọn mẹ́ta, Rájí sì wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n rí i pé igbó ti lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí i ká, wọ́n padà sínú ọkọ̀ wọn. Rájí dúró pẹ̀lú ìwé àti àwo yíǹkì. Ó wo àdá tó wà nílẹ̀, ó wo Ìyá tó jókòó sí àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

“Ìyá, wọ́n ti gé e, ó parí. Orúkọ onílẹ̀ nìkan ló kù tí mo máa kọ. Ṣé kí n kọ tiyín báyìí?”

“Kọ ti Gídíónì.”

“Mo ti gbọ́, Ìyá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá jókòó síbẹ̀ ńkọ́? Kí ni kí n kọ fún yín?”

Ìyá gbé ojú tí kò ríran mọ́ sókè sí i.

“Àlejò ẹ̀ ni mí,” ni wọ́n wí. “Mo wá kí i ni.”